Ọdún Tí Bàbá Mi Yan Irin

Ọwọ́ méjèèjì ni bàbá mi fi gbé ẹsẹ̀ òsì wọn wọ inú ṣòkòtò ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Omi gbígbóná ni mo gbé lọ fún wọn ní yàrá, mi ò sì kan ilẹ̀kùn, nítorí ọwọ́ mi kún, omi náà sì ń jó mi. Wọ́n jókòó sétí ibùsùn, wọ́n di orúnkún mú bí ẹni fẹ́ gbé ẹrù ẹlẹ́rù, wọ́n ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọlé. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè tí wọ́n rí mi, wọn ò bínú. Àìbínú yẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, nítorí bàbá tí mo mọ̀ kì í gbà kí ọmọdé já wọ yàrá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé omi sílẹ̀, kí n súnmọ́ wọn.

"Mojí, o ò rí nǹkan kan o."

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Ìyá mi, pàápàá, kò gbọdọ̀ gbọ́. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

Mo ní mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Kí n má purọ́, inú mi tiẹ̀ dùn pé nǹkan kan wà láàárín èmi àti bàbá mi tí ẹlòmíràn ò mọ̀. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ irú ẹrù tí wọ́n gbé lé mi lórí ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀nà Ìgàndó ni ilé wa wà, bí èèyàn bá ti kúrò ní Ìkòtún, ní àdúgbò tí kálukú ti ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀, tí bùlọ́ọ̀kù àti òkìtì yanrìn wà níwájú gbogbo ilé. Àwa náà ti kó wọ tiwa kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ohùn ni mo fi ń rántí ilé náà ju bí ó ṣe rí lọ. Ohùn ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, kí ohùn okùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó létí kànga, kí ẹ̀rọ ìlọta àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun. Ohùn tó gbẹ̀yìn láàárọ̀ ni ti géètì, irin wúwo kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jìn mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé èjìká ni èèyàn máa fi gbé e kó tó ṣí. Èmi ni mo ń gbá ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo ń fọ abọ́, èmi náà ni mo ń bá Ìyá Àgbà ṣa ẹ̀wà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nítorí wọn kì í jẹ àkàrà tí a fi ẹ̀wà tí ẹlòmíràn ṣà ṣe. Bí mo bá sáré ṣà á kí n lè ráyè lọ ṣeré, wọ́n á da ọwọ́ wọn bo ìsasùn, wọ́n á ní, "Rọra. Ẹni tó bá fi òkúta sílẹ̀ nínú ẹ̀wà, eyín ara rẹ̀ ni yóò fi wá a."

Ìyá tó bí bàbá mi ni Ìyá Àgbà. Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn le bí ẹ̀yìn alágbàṣe. Wọ́n sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí a ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò sì sọ ọ́ bí ìtàn. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń ka iṣẹ́ ilé. Ọkọ wọn, bàbá bàbá mi, ṣàìsàn ọdún márùn-ún kó tó kú. Ẹsẹ̀ òsì ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó dé ọwọ́, nígbà tó yá ó gba ohùn lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Àgbà ló ń pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìgbẹ́, àwọn náà ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Àwọn ará ilé ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àìsàn ìdílé ni, pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni yóò kàn. Ìyá Àgbà sọ òkúta ẹ̀wà kan nù, wọ́n ní, "Mo ti gbé ọkọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ n gbé ọmọ." Bàbá mi ń fọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró sínú omi. Àgbà ni mí báyìí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú nìkan ló mú kí bàbá mi fi ẹsẹ̀ wọn pamọ́. Ìfẹ́ ìyá wọn wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́ náà kò dín aburú tó ṣe kù.

Àkọ́wé ni bàbá mi ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìkẹjà. Wọ́n ní ọkọ̀ kan, ọkọ̀ àwọn Faransé ayé àtijọ́, aláwọ̀ eérú, tí iwájú rẹ̀ gùn, tí àga inú rẹ̀ ń rùn bí awọ àti epo. Ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n ni wọ́n ti rà á. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi gbé bàbá tiwọn lọ sí ilé ìwòsàn títí tí ilé ìwòsàn fi ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Nítorí náà, nígbà tí eyín gíà ọkọ̀ náà kán lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí màmá mi ní kí wọ́n ta á fún àwọn onírin àlòkù, ńṣe ni bàbá mi wò wọ́n bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ní kó ta sàréè. Odindi oṣù mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi wà nínú ọgbà, tí adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, tí mò ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé bó ti lẹ̀ jẹ́ pé kò lọ ibì kankan. Gíà irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Bàbá Kàmọ́rù ló wá ọ̀nà àbáyọ.

Mẹkáníìkì ni Bàbá Kàmọ́rù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù mẹ́rin ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòtún. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kì í kánjú sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ohun tí kò mọ̀. Ó rí gíà tòkúnbọ̀ kan, ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ti Jàpáàn wá, ó wọ̀n ọ́n, ó gé ibi tó yẹ kó gé, ó fi bọ abẹ́ ọkọ̀ wa. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀sán Sátidé kan ló wá bá bàbá mi lórí rẹ̀. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó to nǹkan mẹ́ta lé e lórí: ọ̀pá irin kan, wáyà kan tó ká bí ejò, àti agolo irin kékeré kan tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wà nídìí rẹ̀. Èmi àti Ìyá Àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, à ń ṣa ẹ̀wà.

"Bàbá Mojí, ẹ wá wò ó," ni Bàbá Kàmọ́rù wí. "Gíà tuntun yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń fa kilọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ti ọkọ̀ yín, ọwọ́ òsì ni. Ohun tó máa so ẹsẹ̀ yín pọ̀ mọ́ gíà ló kù tí a máa yàn."

"Ẹ wí, mò ń gbọ́."

"Wáyà ni wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ tí a ti yọ ọ́. Ó fúyẹ́. Àmọ́ nínú tiyín, ẹ̀gbẹ́ sálẹ́ńsà tó ń tú èéfín gbígbóná jáde ló máa gbà kọjá, iná á máa jó o. Ọjọ́ tó bá máa já, kò ní kí yín kó tó já."

"Irin ńkọ́?"

"Irin, wẹ́dà á bá wa rọ ọ́. Kò ní já. Bó bá tiẹ̀ tẹ̀, kò síbi tí ẹ ò ti ní rí ẹni tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó wúwo, Bàbá Mojí. Sípíríǹgì inú gíà yìí le, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ẹni tó bá fi irin tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń gúnyán ni, láti àárọ̀ dalẹ́." Ó gbé agolo kékeré náà, ó fi àtàǹpàkò nu ún. "Òróró ni kí ẹ jẹ́ ká ṣe. Bí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ kàn án, òróró ló máa bá yín ti ìyókù. Mojí yìí gan-an lè tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà inú ẹ̀ lè jẹ, àmọ́ tó bá ń jò, ẹ máa rí i nílẹ̀. Òun ni mo máa ń ṣe fún àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn."

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró nínú ìsasùn.

"Ẹsẹ̀ ta ló ń dùn?"

Wọn ò pariwo. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbà gbọ́ ọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

"Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dùn, Màámi. Àwọn oníbàárà wọn ni wọ́n ń sọ." Wọ́n yíjú sí Bàbá Kàmọ́rù kíákíá. "Irin ni kí ẹ ṣe fún mi. Irin kì í já, àbí? Ó tán."

Bàbá Kàmọ́rù ò dìde. Mo rò pé ó ti rí nǹkan, bóyá bí bàbá mi ṣe fara ti ọkọ̀ ni, bóyá bí bàtà òsì wọn ṣe jẹ ní iwájú ju ti ọ̀tún lọ. "Ẹ má bínú sí mi o," ó ní. "Iṣẹ́ mi ni. Ẹsẹ̀ yín le dáadáa?"

"Ṣé ẹ ò rí mi lórí ìdúró ni?"

Mo ti dìde láti gbé omi fún wọn. Bí mo ṣe na ife sí Bàbá Kàmọ́rù, ó dì í mú, kò tètè gbà á lọ́wọ́ mi. "Ìwọ lo máa ń jókòó síwájú ọkọ̀ lọ síléèwé. Sọ fún mi. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ le?"

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo géètì. Ìyá Àgbà ń wo èmi, ìsasùn ẹ̀wà lórí ẹsẹ̀ wọn, ojú wọn sì ń bẹ̀ mí pé kí n dáhùn bó ṣe yẹ. Mo mọ irú ìdáhùn tí ojú yẹn fẹ́. Mo ní, "Ó le, sà."

"Ó dáa," ni Bàbá Kàmọ́rù wí. Ó mu omi, ó kó wáyà àti agolo rẹ̀ sínú àpò, ó fi irin sílẹ̀.

Irin náà wúwo gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Nígbà tí ọkọ̀ jáde, èmi ni mo ń bá bàbá mi jókòó síwájú láti Ìgàndó títí dé ẹnu iléèwé mi, kí wọ́n tó máa lọ síbi iṣẹ́. Bí a bá ti dé ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí ní Ìkòtún, wọ́n á fi ọwọ́ òsì ti orúnkún mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọ̀tún di sítíárìn mú, òógùn á sì máa ṣàn láti iwájú orí wọn bọ́ sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí màmá mi lọ̀. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ náà á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo máa ń wo ojú fèrèsé nígbà náà. Títí di òní, bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó gbàdúrà, mo máa ń na ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi lábẹ́ aṣọ, mo máa ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ọmọ tó sùn níta. Kò tíì sí èyí tó kọ̀ láti dá mi lóhùn. Ọkọ mi rò pé àṣà lásán ni.

Ìyá Àgbà ló máa ń ṣí géètì. Wọn ò gbà kí ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, wọ́n á ṣàdúrà ṣókí fún bàbá mi, wọ́n á ní, "Wálé, wà á lọ, wà á bọ̀. O ò ní fẹsẹ̀ kọ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yíjú padà, wọ́n á fi èjìká gbé géètì. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ẹrẹ̀ sì ti di ìsàlẹ̀ géètì náà pa. Màmá mi wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń da ògì sínú abọ́, mo ń gbọ́ ṣíbí. Èmi wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpò ìwé mi lórí ẹsẹ̀. Bàbá mi ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ojú ń kán wọn, wọ́n sì ti ki ọkọ̀ bọ gíà kìíní kí géètì tó ṣí. Wọ́n fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kilọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ má bàa rìn, wọ́n ń dúró. Ìyá Àgbà ń tiraka níwájú wa, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n gbé èjìká sí irin, wọ́n ń pariwo pé, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀." Mo rí i tí ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rí i tí ọwọ́ òsì wọn sáré lọ sórí orúnkún. Ọwọ́ náà ò tíì débẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi yọ kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ náà ò rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Ó fò síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún gbì, ó sì kú. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó tẹ̀lé e ni mo ṣì ń gbọ́. Ìyá Àgbà wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti òpó géètì, ó ti yí wọn kọjú sí wa, orí wọn tẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ sáré, wọ́n ṣubú sínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n wá ń fi ìgúnpá wọ́ ara wọn lọ sí iwájú ọkọ̀, wọ́n ń ké pe, "Màámi, Màámi." Ìyá Àgbà gbé orí. Wọ́n wo ọmọ wọn nílẹ̀, wọ́n wo bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bọ̀ bí ohun tí a so mọ́ ọn lára. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn. Kì í ṣe ojú ẹni tí nǹkan ń dùn. Ojú ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí ni.

"Wálé," wọ́n ní, ohùn wọn kò ju èémí lọ, "ó ti tó ìgbà wo?"

Lẹ́yìn náà ni màmá mi já dé, ni àwọn ará àdúgbò rọ́ wọlé, ni wọ́n fi agbára ti ọkọ̀ sẹ́yìn. Èmi nìkan ló gbọ́ ìbéèrè yẹn yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n bi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ti kú ní ilé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé, tí wọ́n sin wọ́n, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gba ọ̀ràn náà sọ́wọ́. Bàbá Ìpájà ni àwa ọmọ ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Oníbìínú èèyàn ni wọ́n, ikú ìyá wọn sì ti sọ ìbínú náà di nǹkan mìíràn. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa láàárín àwọn tó wá kí wa, wọ́n bi bàbá mi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní, "Kilọ́ọ̀ṣì ni." Ọ̀rọ̀ méjì yẹn nìkan ni wọ́n sọ. Bàbá Ìpájà ló fi ìyókù kún un. Wọ́n ní irin tí mẹkáníìkì rọ ló já, wọ́n ní wọ́n ti gbọ́ pé gíà ọkọ̀ mìíràn ló kì bọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n ní apààyàn ni. Mo wo ẹnu bàbá mi, mò ń dúró kó là. Kò là. Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá lọ mú Bàbá Kàmọ́rù nídìí iṣẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò sì wó páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lulẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní àhámọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, à ń jẹ oúnjẹ tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé wá, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín, oúnjẹ sì ń bàjẹ́ nínú ìkòkò nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́ dópin. Ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbálẹ̀. Bàbá mi kì í jáde ní yàrá. Wọ́n ní ọ̀fọ̀ ló mú wọn. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Kàmọ́rù wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú màmá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì í," ó ní. "Ẹ lọ wo abẹ́ ọkọ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n kàn ń lù ú ni. Tí irin yẹn bá já, kí wọ́n pa á, mi ò ní sunkún."

Màmá mi ní kó dìde, kó máa lọ, pé àwọn gbọ́. Mo ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, omijé mi ń bọ́ sínú ọṣẹ. Màmá mi wá jókòó sórí bùlọ́ọ̀kù níwájú mi.

"Mojí, kí lo mọ̀?"

Mo sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí omi gbígbóná, mo sọ ti òógùn nínú ọkọ̀, mo sọ ohun tí Bàbá Kàmọ́rù bi mí àti ohun tí mo fi dá a lóhùn, mo sọ ìbéèrè Ìyá Àgbà. Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Wọn ò tiẹ̀ wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n tì í sí, wọ́n sì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú ọrùn wọn, wọ́n wọ́ ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń rí. Ìgbà tí wọ́n jáde, epo wà ní iwájú orí wọn. Wọn ò nu ún. Wọ́n lọ tààrà sí yàrá, mo sì tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà.

"Irin ò já, Bàbá Mojí."

Bàbá mi wà lórí ibùsùn, wọ́n kọjú sí ògiri. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

"Ó ti ń lọ sí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń lu ọmọ ọlọ́mọ."

"Mo mọ̀. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, á ti di òótọ́ pé èmi ni mo pa Màámi."

Màmá mi mú bàtà wọn wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ fún wọn, òsì lákọ̀ọ́kọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá mi ní irin ò já, ẹsẹ̀ àwọn ló yọ. Wọ́n fa ṣòkòtò sókè níwájú ọ̀gá tó wà lórí àga. Mi ò tíì rí ẹsẹ̀ náà níhòhò láti ọjọ́ pípẹ́. Ojúgun rẹ̀ ti rí bí apá ọmọdé, awọ sì ti rọ̀ sórí egungun. Ọlọ́pàá náà wò ó, ó sì gbójú kúrò. Nígbà tí wọ́n mú Bàbá Kàmọ́rù jáde, ojú rẹ̀ kan ti wú pa, wọ́n fi àkísà di ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kò sì wò wá. Bàbá Ìpájà kò tún bá bàbá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Wọ́n wá síbi ìsìnkú bàbá mi ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí àìsàn náà ti gba ẹsẹ̀, tó gba ọwọ́, tó gba ohùn. Màmá mi ló gbé wọn títí dé òpin. Wọn ò ráhùn létí mi rí, ṣùgbọ́n mo rí i bí ẹ̀yìn wọn ṣe ń le.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ parí ọ̀rọ̀ yìí sí ni ọjọ́ tí a lọ bẹ Bàbá Kàmọ́rù. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni. A gbọ́ pé ó ń kó lọ sí Àgbàdo, nítorí kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́ ní Ìkòtún. Àwọn tó gbọ́ pé wọ́n mú un pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ pé wọ́n tú u sílẹ̀ lọ. A bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì ju sípánà sínú àpótí. Ìka ọ̀tún rẹ̀ méjì kò ká mọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo dúdú ti mu, wọ́n ní kó dárí ji àwọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìde, wọn ò lè dìde. Màmá mi sún síwájú, Bàbá Kàmọ́rù gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà, ó fi apá tó dára kọ́ wọn lábẹ́ abíyá, ó gbé wọn jókòó sórí táyà.

"Ọ̀sán kan ṣoṣo ni ǹ bá fi ṣe ti olóròóró yẹn," ó ní. Kò pariwo. "Ó wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ bá kàn sọ fún mi."

Bàbá Kàmọ́rù yíjú sí mi. Mo ti ń sunkún, mo fẹ́ kúnlẹ̀, mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ní ó le. Ó mi orí. "Ìwọ, lọ sílé," ó ní. "Ọmọdé ni ẹ́." Ó padà sídìí àpótí rẹ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì wá, a ò sì lè bi í.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sílé, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ ọkọ̀. Bí a ṣe kọjá gọ́tà àkọ́kọ́, bàbá mi dúró. Àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ń wò wá, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ń wò wá, àwọn tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà láàárín wọn. Wọ́n na apá òsì wọn sí mi. "Mojí, bá mi mú ibí," wọ́n ní, ohùn wọn jáde kedere. "Ẹsẹ̀ mi ti kú." Mo bọ́ sábẹ́ apá wọn, màmá mi bọ́ sí apá kejì, a sì rọra ń lọ lójú gbogbo ayé.